Agẹṣin Alágbàṣe

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹrin ọdún 1967, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ John Buckingham sùn lórí àga méjì tí wọ́n fà pọ̀ nínú ilé àlejò kan ní Liverpool. Bẹ́ẹ̀dì ti tán. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó máa gun ẹṣin tó ń jẹ́ Foinavon nínú Grand National, ìje ẹṣin tó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìje tí òun fúnra rẹ̀ kò gùn rí. Àwọn jọ́kì tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹṣin náà lọ̀ ti kọ̀ ọ́, torí kò sẹ́ni tó fọkàn sí i pé ó lè ṣe ohunkóhun. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn sí Buckingham. Olùkọ́ ẹṣin náà, John Kempton, kò tilẹ̀ wá sí Liverpool. Worcester ló lọ lọ́jọ́ ìje, kó lè gun ẹṣin mìíràn níbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà télọ̀ tàbí kápẹ́ńtà nílẹ̀ wa yóò mọ irú ènìyàn tí Buckingham jẹ́. Ó ti kọ́ṣẹ́ tán, ó ti gba fírídọ̀ọ̀mù, ṣùgbọ́n kò ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ọ̀gá tó bá pè é ló ń lọ bá ṣiṣẹ́, owó iṣẹ́ tó bá ṣe lọ́jọ́ yẹn ló sì ń gbà lọ sílé. Alágbàṣe ni. Nídìí ìje ẹṣin tó ń fo ọgbà, àwọn alágbàṣe ló pọ̀ jù, àwọn sì ni a kì í gbọ́ orúkọ wọn. Orúkọ tí a ń gbọ́ ni ti irú A. P. McCoy, tó wà ní ipò kìn-ín-ní fún ogún ọdún léraléra, tó borí nínú ìje tó lé ní 4,300 kó tó fẹ̀yìn tì ní 2015. Iṣẹ́ àwọn yòókù kì í pẹ́ rárá. Ọ̀pọ̀ ló ti so gàárì kọ́ kí ó tó pé ọgbọ̀n ọdún. Àwọn tó ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣàn rò pé ìṣubú ló ń parí iṣẹ́ wọn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti wá rí i pé fóònù tó dákẹ́ ló ń parí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, àti pé wọ́n ti fi ìdákẹ́ fóònù náà sínú òfin iṣẹ́ yìí láti ìpìlẹ̀.

Oríṣi ìje ẹṣin méjì ló wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan ni èyí tí ẹṣin ń sá lórí pápá pẹrẹsẹ, irú èyí tí àwọn òyìnbó gbé wá sí Èkó, tí wọ́n ń ṣe lórí ilẹ̀ tó di Tafawa Balewa Square, níbi tí ère ẹṣin funfun mẹ́rin ṣì wà lókè ẹnu ọ̀nà. Ìkejì ni èyí tí ẹṣin ń fo ọgbà, òun ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ireland ni wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀, ní 1752, nígbà tí Cornelius O'Callaghan àti Edmund Blake bára wọn ta tẹ́tẹ́, tí wọ́n sì gẹṣin láti ṣọ́ọ̀ṣì Buttevant títí dé ti Doneraile ní agbègbè Cork, nǹkan bí ibùsọ̀ 4. Ilé gogoro orí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń wò lọ. Ohun tó bá dínà láàárín, ì báà ṣe ògiri, ì báà ṣe kòtò, fífò ni wọ́n ń fò ó. Ọgbà tí wọ́n ń mọ sí pápá ló rọ́pò ògiri àti kòtò lónìí. Àwọn kéékèèké ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3½, wọ́n sì máa ń tẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹṣin bá gbá wọn. Àwọn ńlá, tí wọ́n fi ẹ̀ka igi dì pinpin, kì í rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 4½ lọ, ẹṣin tó bá sì ṣìṣe níbẹ̀ máa ń jẹyán rẹ̀ níṣu. Ìje tó kúrú jù tó nǹkan bí ibùsọ̀ 2. Grand National lé ní 4, ìfò 30 ló sì wà nínú rẹ̀.

Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí máa ń lọ bá olùkọ́ ẹṣin gbé, ìyẹn ọ̀gá tó ń tọ́ ẹṣin àwọn olówó tó sì ń múra wọn sílẹ̀ fún ìje. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 16. Yóò máa kó ìgbẹ́ ẹṣin, yóò máa gbọn koríko, yóò máa fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun ara ẹṣin, yóò sì máa gùn wọ́n jáde nínú òtútù àárọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń sùn. Bó bá mọ́wọ́, wọ́n á gba ìwé àṣẹ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún un, kó lè máa díje. Láti ọjọ́ yẹn ni aago rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká.

Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ìje wọ̀nyí, ẹrù tí ẹṣin ń rù kì í dọ́gba. Ẹṣin tó lágbára ni wọ́n ń di ẹrù wúwo lé, kí ti aláìlágbára lè fúyẹ́, kí gbogbo wọn lè jọ máa du ipò. Jọ́kì fúnra rẹ̀ àti gàárì rẹ̀ ni ẹrù náà. Bí kò bá tẹ̀wọ̀n tó, wọ́n á ki òjé pẹlẹbẹ bọ aṣọ abẹ́ gàárì títí yóò fi pé. Òfin wá ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lójú àánú. Nítorí pé kò tíì gbọ́n tó àwọn àgbà, wọ́n ń yọ pọ́n-ùn 7, kílò 3 ó lé díẹ̀, nínú ẹrù ẹṣin tó bá gùn. Nígbà tó bá borí fún ìgbà 20, pọ́n-ùn 5 ni wọ́n á máa yọ. Nígbà tó bá dé 40, yóò di 3. Lọ́jọ́ tó bá borí fún ìgbà 75, àánú tán. Bó bá sì pé ọdún 26 láìdé ibẹ̀, àánú tán náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ohun tí òfin yìí ń ṣe fún ọmọ ènìyàn. Ẹni tó ni ẹṣin tí kò fi bẹ́ẹ̀ yára ń wá ohunkóhun tó lè ràn án lọ́wọ́. Bó bá rí ọmọ ọdún 19 kan tó mọ ẹṣin dì mú, tí ojú rẹ̀ mú nídìí ọgbà, tó tún wá ń yọ pọ́n-ùn 7, ó rí ọjà pọ̀ọ́kú nìyẹn. Fóònù ọmọ náà kì í sinmi. Ó lè gun ẹṣin 4 lọ́jọ́ kan. Ó ń borí, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀, lìkáfà ń lọ sókè. Bó sì ṣe ń borí ni ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ń pè é ń dín kù: ó di 5, ó di 3. Níbí, ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù ni a ń se ìrẹsì, tí a ń dá aṣọ, tí ọ̀gá ń gbé ọwọ́ lé ọmọ iṣẹ́ lórí, tí ìyá ń sunkún ayọ̀. Fún jọ́kì yìí, ọjọ́ ìborí 75 ló di ọ̀gá láàárín àwọn ọ̀gá. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti àwọn tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọdún 15 jọ ń ru ìwọ̀n kan náà ni, iye kan náà sì ni gbígbé wọn. Olùkọ́ ẹṣin tó ń pè é lánàá yóò wá rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá fẹ́ ẹni tó gbọ́n, ó mọ àwọn àgbà. Bó bá fẹ́ ẹni tó fúyẹ́, ọmọ ọdún 18 mìíràn ti wà nínú ọgbà rẹ̀ tí pọ́n-ùn 7 rẹ̀ ṣì pé ṣámúṣámú. Èmi kò dá olùkọ́ ẹṣin lẹ́bi. Òun náà ní gbèsè lọ́rùn, olówó ẹṣin sì lè kó ẹṣin rẹ̀ kúrò lọ́la. Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tí mo mọ̀ tó jẹ́ pé ọjọ́ tí ọmọ bá mọṣẹ́ tán ni iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn díẹ̀ ń rí olówó tàbí olùkọ́ ẹṣin ńlá tó ń sọ pé, “Ìwọ ni yóò máa gun ẹṣin mi.” Ìyẹn ni ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Àwọn tó kù di alágbàṣe.

Owó tí wọ́n ń san fún alágbàṣe lórí ẹṣin kan jẹ́ nǹkan bí £200, bó borí o, bó ṣubú o. Ó dà bí owó ńlá létí ẹni tó ń gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Aṣojú tó ń fi fóònù bá a wá iṣẹ́ yóò yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tó ń bá a fọ gàárì, tó ń nu bàtà rẹ̀, tó ń bá a kó aṣọ olówó ẹṣin jáde ní pápá, yóò gba tirẹ̀. Ti ìbánigbófò wà níbẹ̀. Epo mọ́tò ló wá ń jẹ èyí tó pọ̀ jù. Pápá wọ̀nyí fọ́n káàkiri: Newton Abbot ní ìsàlẹ̀ ìwọ̀ oòrùn, Plumpton nítòsí òkun gúúsù, Fakenham ní ìlà oòrùn, Cartmel láàárín òkè, Hexham lókè pátápátá nítòsí Scotland. Láti Lambourn, ìlú tí àwọn elẹ́ṣin kún fọ́fọ́, dé Hexham lé ní ibùsọ̀ 250. Alágbàṣe yóò wa mọ́tò lọ, yóò gun ẹṣin kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú 6 tàbí 7, yóò wá ipò kẹjọ, yóò wẹ ẹrẹ̀ kúrò lójú, yóò sì wa mọ́tò padà lóru. Bí ilẹ̀ bá dì tí wọ́n sì fagi lé ìje, owó ọjọ́ yẹn lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá kíyè sí i láàárọ̀ pé ẹṣin náà ń tiro, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Èyí tó ń dùn mí jù kò tiẹ̀ sí nínú ìṣirò owó. Láàárọ̀, kí ó tó gba pápá lọ, alágbàṣe máa ń yà sí ọgbà olùkọ́ ẹṣin kan tàbí òmíràn láti bá wọn kọ́ ẹṣin tuntun ní fífò. Wọn kì í sanwó rẹ̀, ìrètí ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹṣin tí kò tíì mọ fífò ló ń pa ènìyàn lára jù, òun ni wọ́n sì ń gbé fún un. Yóò fi sùúrù kọ́ ọ, yóò jẹ́ kó mọ bí a ti í ka ìṣísẹ̀ kí a tó gbéra. Bí ẹṣin náà bá wá di gidi, tí ó fẹ́ lọ sí ìje tó lówó nínú, olówó rẹ̀ yóò pe jọ́kì tí gbogbo ayé mọ̀. Alágbàṣe yóò wò ó lórí tẹlifíṣàn inú yàrá ìmúra ní pápá kékeré kan. Wọ́n mọ̀ ọ́n sí ara iṣẹ́, wọn kì í sì í ráhùn létí ẹnikẹ́ni, torí ẹni tó bá ráhùn kò ní rí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn owó ni ara. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwọ̀n tó kéré jù lọ nínú ìje afo-ọgbà jẹ́ kílò 63½, gàárì àti aṣọ mọ́ ọn. Ọkùnrin tó ga níwọ̀nba gbọ́dọ̀ máa pa ebi mọ́nú kó tó lè wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá lókìkí lè sọ pé ẹrù ẹṣin báyìí kò gba òun. Alágbàṣe kò lè sọ bẹ́ẹ̀, torí àwọn ẹṣin tí kò lágbára, tí ẹrù wọn fúyẹ́, gan-an ni iṣẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà ló fi ń mu tíì láìsí ṣúgà, tó ń jókòó sínú omi gbígbóná títí òógùn yóò fi bò ó, tó ń wa mọ́tò pẹ̀lú ẹ̀wù mẹ́ta lọ́rùn. Tẹ́lẹ̀ rí, yàrá ooru wà ní pápá fún wọn láti fi òógùn yọ kílò tó kù kí wọ́n tó gun òṣùwọ̀n. Wọ́n ti wọ̀nyí pa nígbà àrùn kòrónà ní 2020, ọdún tó tẹ̀ lé e ni àjọ tó ń ṣàkóso ìje ẹṣin kéde pé wọn kò ní ṣí wọn mọ́. Mo rò pé ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ènìyàn tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ kọ́ ló yẹ kó máa darí ẹranko tó wúwo tó ìdajì tọ́ọ̀nù sójú ọgbà.

Bí ẹṣin bá dá ni, a tún un gùn ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí. Òwe ni lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òòjọ́ ni lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí. Nínú ìgbà bíi 15 tí jọ́kì afo-ọgbà bá jáde, ó lè ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá gun ẹṣin 300 lọ́dún ń retí ìṣubú 20. Wọ́n mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ aláìsàn fi ń sá tẹ̀ lé ẹṣin lẹ́bàá pápá ní gbogbo ìje. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ máa ń kọ́ bí a ti í ká ara jọ bí òkòtó, kí orí wọnú, kí ẹṣin tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fò ó kọjá; ẹṣin kì í fẹ́ tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀ bó bá rí i. Eegun tó so èjìká mọ́ àyà ló ń tètè kán jù, torí ọwọ́ lènìyàn fi ń gba ilẹ̀. Dókítà yóò yẹ ẹni tó ṣubú wò kó tó gùn ún lẹ́ẹ̀kejì, bí orí rẹ̀ bá sì ti fì, dandan ni kó jókòó sílé títí wọn yóò fi yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò.

Ìjókòó sílé yìí ni àwọn alágbàṣe ń bẹ̀rù ju egungun kíkán lọ. Ètò ìbánigbófò kan wà tó ń fún wọn ní owó díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gba ìtọ́jú, ṣùgbọ́n kò sí ìbánigbófò fún ẹṣin tí ẹlòmíràn ń gùn nígbà tí o wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹni náà bá fi í borí, ó ti di tirẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà jọ́kì kan fi ń bo ìrora mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́, tí wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ tó ti sán gẹṣin. Wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn síbẹ̀síbẹ̀. Ní 1982, Peter Scudamore kán lọ́wọ́ nígbà tó wà níwájú gbogbo wọn pẹ̀lú ìborí 120. John Francome bẹ̀rẹ̀ sí í lé e, ó dé 120 gan-an, ó sì dá gígun ẹṣin dúró fún ọdún yẹn kí àwọn méjèèjì lè jọ gba oyè jọ́kì tó borí jù lọ. Alágbàṣe kò lè ṣe irú rẹ̀. Ẹni tó yó ló ń bu fún ni.

Àwọn tí ìṣubú parí iṣẹ́ wọn pátápátá wà, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré tiwọn. Ní oṣù kejìlá 1963, Tim Brookshaw ṣubú ní Aintree, pápá tí wọ́n ti ń sá Grand National, ẹ̀yìn rẹ̀ kán. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, nínú Grand National 1964, Paddy Farrell ṣubú ní ọgbà The Chair, kò sì fi ẹsẹ̀ rìn mọ́. Nígbà yẹn, kò sí ètò gidi kan fún jọ́kì tó bá di aláàbọ̀ ara. Àánú àwọn méjèèjì ni wọ́n fi dá àpò ìrànwọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1964, èyí tó di Injured Jockeys Fund. Lónìí àpò náà ti kọ́ ilé ìtọ́jú mẹ́ta: Oaksey House ní Lambourn, Jack Berry House ní Malton, Peter O'Sullevan House ní Newmarket. Níbẹ̀ ni alágbàṣe ti ń kọ́ bí a ti í gbé èjìká sókè padà, láìsan kọ́bọ̀ tí kò ní.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ìborí ńlá kan ṣoṣo lè gba ènìyàn kúrò nínú àgbàṣe, kí ó wo Ryan Mania. Ọmọ Scotland ni, láti Galashiels. Ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ rí fún oṣù díẹ̀, kó tó padà. Lọ́jọ́ 6 oṣù kẹrin 2013, nínú Grand National àkọ́kọ́ tó máa gùn, ó fi Auroras Encore borí, ẹṣin tí àwọn onítẹ́tẹ́ fi sí 66 sí 1, torí wọn kò retí pé ó lè borí. Ẹni ọdún 23 ni. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìwé ìròyìn ṣì ń ta pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ lójú ewé àkọ́kọ́, ó ti wà ní Hexham, nítorí pé ó ti gba iṣẹ́ níbẹ̀. Ó ṣubú, hẹlikópítà ló sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó yè é, ó tún gẹṣin. Ní oṣù kọkànlá 2014, ó kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì: ìjàkadì pẹ̀lú ìwọ̀n ara ti sú u. Kò tíì pé ọdún 26. Ó padà ní 2019, mo sì yọ̀ nígbà tó padà, ṣùgbọ́n ọdún tí ara ọkùnrin le jù lọ ló ti lò níta.

Bí ó ti ń parí fún èyí tó pọ̀ jù kò ní ariwo kankan. Àárọ̀ kan, aṣojú rẹ̀ á ní ẹṣin kan ṣoṣo ni òun rí fún ọ̀sẹ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí. Yóò ṣírò epo mọ́tò, yóò wo ọmọ rẹ̀ tó ń sùn, yóò sọ fún ìyàwó. Ètò kan wà, JETS, tó ń ran irú wọn lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ mìíràn nígbà tí wọ́n ṣì ń gẹṣin, kí ilẹ̀ má baà mọ́ bá wọn lójijì. Àwọn kan ń di awakọ̀ tó ń gbé ẹṣin, àwọn kan ń di igbákejì olùkọ́ ẹṣin, àwọn kan ń fi ẹṣin sílẹ̀ pátápátá.

Ti Buckingham ńkọ́? Ẹṣin 44 ló bẹ̀rẹ̀ ìje lọ́jọ́ kejì tó sùn lórí àga yẹn. 100 sí 1 ni wọ́n fi Foinavon sí, ó sì ń rá pálá bọ̀ lẹ́yìn. Ní ìfò kẹtàlélógún, ọgbà tó rẹlẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ, ẹṣin kan tó ń jẹ́ Popham Down, tó ti dá jọ́kì rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, yí padà lójijì, ó sì gba iwájú àwọn tó ń bọ̀ kọjá níbùú. Wọ́n kọlura, wọ́n dúró, wọ́n ń yípo, àwọn jọ́kì ń fò lọ sí òdìkejì ọgbà láìsí ẹṣin. Buckingham jìnnà lẹ́yìn débi pé ó ráyè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó darí Foinavon lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó rí àlàfo kan, ó fò ó. Nígbà tí àwọn yòókù fi máa tún ẹṣin wọn gùn, ó ti lọ. Ìwọ̀n gígùn ẹṣin 15 ló fi ju Honey End, tí gbogbo ènìyàn ti fowó lé, lọ. Àwọn kan ṣì ń pè é ní oríire. Èmi ń wò ó pé ẹni tó ti gun ẹṣin tí kò lè sáré lọ́pọ̀ ìgbà ló mọ bí a ti í fara balẹ̀ lẹ́yìn, kí a la ojú sílẹ̀.

Ó gẹṣin títí di 1971. Lẹ́yìn náà, òun àti arákùnrin rẹ̀, Tom, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó wà ní yàrá ìmúra: fífọ gàárì, nínu bàtà, dídi okùn, kíki òjé bọ aṣọ abẹ́ gàárì títí òṣùwọ̀n yóò fi dúró síbi tó yẹ. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe é, láti pápá kan dé òmíràn, iṣẹ́ tó pẹ́ ju gígun ẹṣin rẹ̀ lọ fíìfíì. Nínú owó ẹṣin kọ̀ọ̀kan tí àwọn alágbàṣe ń gùn ni tirẹ̀ ti ń jáde. Ọgbà tó fò lọ́jọ́ yẹn ṣì wà ní Aintree; orúkọ ẹṣin náà, Foinavon, ni wọ́n fi ń pè é.